Abọ́ ìrẹsì tó wọ igbó: òpin ọ̀sẹ̀ ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni bí ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń lo ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú. Láàárín ọ̀sẹ̀, bí bàbá bá ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ìyá ń jáde lọ sí tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti máa ń kíra. Kò sí agbo ilé tí ọmọ lè sá wọ̀ kó sì rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ níbẹ̀. Ohun tí agbo ilé ń ṣe nílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣètò rẹ̀, ó di dandan kí wọ́n kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà ní Ìlú Ọba.

Kì í ṣe gbogbo ìran ló rí àyè láti lo òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn báyìí. Láti nǹkan bí ọdún 1955 síwájú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Nàìjíríà wá, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó ní Kent, Sussex àti ibòmíràn, wọ́n sì ń sanwó ìtọ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ àti ìwé kíkà kò jẹ́ kí wọ́n ráyè gbọ́ ti ọmọ. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà padà sílé láìgbọ́ Yorùbá. Ní tèmi, ìrántí yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn òbí òde òní di ọjọ́ méjèèjì yìí mú gírígírí.

Ẹ wo òpópónà Rye Lane ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù: iṣu wà nínú páálí, gààrí, èlùbọ́ àti epo pupa wà lórí pẹpẹ, ata rodo sì wà nínú abọ́. Àmọ́ òfin kò gbà kí arìnrìn-àjò kó ẹran àti wàrà wọlé láti Nàìjíríà, nítorí àrùn ẹran ọ̀sìn, nítorí náà ẹni tó bá di kílíṣí sínú àpótí láti Èkó lè pàdánù rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ní ti iyán, aládùúgbò tó wà ní àjà ìsàlẹ̀ kò ní fara mọ́ ìró odó ní òwúrọ̀, ìdí nìyẹn tí ìyẹ̀fun pọ́ńdò fi gbayì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó jẹ iyán Èkìtì dàgbà kò ní pè é ní iyán.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé ìdáná díẹ̀. Kí ìyá tó da epo sínú ìkòkò láti dín ata, yóò kó gbogbo kóòtù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá, yóò sì ṣí fèrèsé, ì báà jẹ́ nínú òtútù oṣù Kejìlá, nítorí pé òórùn ata díndín tó bá wọ kóòtù, ó ń bá ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá rú kò mọ̀ pé dòdò lásán ni. Bó bá ti ké, ọmọ tó ga jù ni yóò gun àga, tí yóò máa fi aṣọ fẹ́ ẹ títí yóò fi dákẹ́. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yóò wá wọ inú abọ́ tí áísìkiriìmù ti tán nínú rẹ̀, wọn yóò fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ó di ọ̀nà.

Ní ti bọ́ọ̀lù, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Ealing ní 2001, ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá tó dúró nínú òjò létí pápá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ti rí àwíjàre fún pásítọ̀. Èyí tí gbogbo ilé lè jọ ṣe ni parkrun: eré kìlómítà 5, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́. Ènìyàn 13 péré ló sá a nígbà àkọ́kọ́, ní Bushy Park, ní oṣù Kẹwàá 2004. Ẹni tí kò lè sáré lè rìn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà rẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ bàbá àti ọmọ á jọ sọ̀rọ̀ láìsí fóònù láàárín wọn.

Igbó ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lọ rìn nínú igbó, ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá kí yín lè béèrè pé ta ni ọdẹ nínú yín. Òfin ọdún 1878 ló dá ààbò bo Epping Forest, igbó ńlá kan ní ẹ̀gbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn onílẹ̀ má baà ṣọgbà yí i ká, ọkọ̀ ojú irin Central sì ń gbéni dé Loughton lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ wọ bàtà rọ́bà nítorí ẹrẹ̀, kí ẹ sì tètè jáde: nínú oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́rin ni oòrùn ti ń wọ̀.

Nígbà ooru, Southend, ìlú etí omi kan ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó mọ òkun Èkó yóò máa retí ìgbì, ṣùgbọ́n bí omi bá fà níbẹ̀, ó ń fà ju máìlì kan lọ, ẹrẹ̀ nìkan ni yóò kù. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ́ afárá tó wọ inú omi lọ ju kìlómítà 2 lọ, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ẹ wo àkókò tí omi yóò kún kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ni ẹ ó máa wò jẹ ìrẹsì.

Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin á jọ tẹ́ ẹní. Àǹtí kan á gbé mọ́ínmọ́ín wá, Ọ̀ǹkù kan á gbé ẹran díndín wá, ọmọ tó bá sì na ọwọ́ òsì gba oúnjẹ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ìyá tó jókòó, kì í ṣe lẹ́nu tirẹ̀ nìkan. Nígbà tí wọn yóò bá fi palẹ̀ mọ́, àwọn ìdérí abọ́ á ti dà pọ̀. Ẹni tó gbọ́n ti kọ orúkọ sára tirẹ̀, àwọn tó kù ni yóò máa béèrè lórí WhatsApp ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé ìdérí búlúù mi lọ?”