Ṣọ́ọ̀ṣì tí Kádínà Fẹ́ Wó: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Iṣẹ́ Amọ̀nà ní Christ Church, Oxford

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ amọ̀nà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń mú àlejò yí ibi àtijọ́ ká, Christ Church ní Oxford ni mo sì mú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni nínú Yunifásítì Oxford. Inú ọgbà rẹ̀ ni kàtídírà bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà wà, òun kan náà sì ni ilé àdúrà kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Kì í ṣe ìyẹn ni ọ̀pọ̀ àlejò bá wá. Àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìjẹun ni wọ́n ń sáré lọ wò, torí wọ́n ti rí i nínú fíìmù Harry Potter. Àwọn mìíràn á béèrè Alice, ọmọ Henry Liddell tó jẹ́ olórí ibẹ̀, tí Charles Dodgson, olùkọ́ ìṣirò, máa ń pa ìtàn fún; òun ló fi orúkọ Lewis Carroll kọ ìwé ìtàn Alice's Adventures in Wonderland. N kò bá wọn jà. Owó ni wọ́n mú wá. Ṣùgbọ́n amọ̀nà tó bá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́.

Inú àgbàlá ńlá tí wọ́n ń pè ní Tom Quad ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ẹ ní kí wọ́n wo ara ògiri: òkúta yọrí níbẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé òrùlé, kò sì gbé nǹkan kan. Kádínà Thomas Wolsey, olórí ìjòyè Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló pa á tì. Ní 1525 ó dá Cardinal College sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìsìn Frideswide Mímọ́. Ó wó apá ìwọ̀-oòrùn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ kí àgbàlá rẹ̀ lè fẹ̀, ó sì ní i lọ́kàn láti wó ìyókù. Àmọ́ kò rí ìyọ̀ǹda gbà ní Róòmù kí Ọba Henry Kẹjọ lè kọ aya rẹ̀. Ní 1529 ọba yọ ọ́ nípò, iṣẹ́ bá dúró. Ní 1546, ọba kan náà fi ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ́kù ṣe kàtídírà. Ìdí tó fi kéré fún kàtídírà nìyẹn.

Nínú ilé, ẹ má sáré kọjá fèrèsé Thomas Becket, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1320. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ni Becket. Àwọn ọmọ ogun ọba ìgbà náà pa á nínú kàtídírà rẹ̀ ní 1170. Ní 1538 Henry pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ káàkiri. Ẹ sún mọ́ ọn: ó kúnlẹ̀, aṣọ rẹ̀ pé, àwọn onídà sì wà nítòsí, ṣùgbọ́n gíláàsì lásán ló wà níbi ojú rẹ̀. Bí àlejò yín bá jẹ́ Yorùbá, ẹ fi kún un pé Canterbury yẹn náà ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ọdún kan náà tí Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Bó bá jẹ́ ọmọ Ìjọ Elétò ńkọ́? Inú kàtídírà tó dúró sí yìí ni wọ́n ti fi John Wesley jẹ díákónì ní 1725. Ìjọ rẹ̀ dé Badagry ní 1842.

Ní alaalẹ́, agogo Great Tom, tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 6 lọ, máa ń dún nígbà 101, iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà kan. Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 5 ló ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Greenwich, ibi tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú aago, ni Oxford wà, oòrùn sì ń pẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kó tó débẹ̀, kàtídírà ò sì gbà láti yí aago tirẹ̀ padà: lójú tirẹ̀, aago 9 géérégé nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi àkókò àwa adúláwọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ẹ gbọ́?

Ẹnì kan béèrè bóyá ẹni tí kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì lè wọlé. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ kì í gba owó. Kó lọ jókòó, kó gbọ́ àwọn akọrin. Fọ́tò nìkan ni kò ní lè yà.