Ẹ Yé Tẹ F5: Sáfà Inú Laptop Tó Ń Tún Ojú Ewé Ṣí Fúnra Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Adó, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkẹ́rẹ́, àti ibi gbogbo tí iná wà lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìka yín. Èwo lẹ fi ń tẹ F5 nínú wọn? Ẹ yí àwọ̀ kan padà nínú CSS (fáìlì tó ń ṣe ẹwà ojú ewé), ẹ fi pamọ́, ẹ sáré lọ sí bráúsà, F5, ẹ padà. Ẹ tún yí i, ẹ tún fi pamọ́, F5. Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ jẹ́ kí laptop máa ṣe wàhálà yẹn fúnra rẹ̀.

Browser-sync la máa lò, sáfà kékeré kan tó ń gbé ojú ewé yín fún bráúsà, tó sì ń ṣọ́ fáìlì yín kó lè tún un ṣí bí ẹ bá yí nǹkan. Node.js, ohun tó ń jẹ́ kí irú irinṣẹ́ yìí ṣiṣẹ́ láìsí nínú bráúsà, ti wà lórí ẹ̀rọ yín ná, àbí? Bí kò bá sí, ẹ lọ sí nodejs.org, ẹ gba èyí tí wọ́n kọ LTS sí lára, kí ẹ tó padà wá bá mi.

Ojú ewé kan nípa ìsun omi Ìkògòsì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ dá fódà kan, ẹ pè é ní ikogosi. Ẹ dá òmíràn sínú rẹ̀, site. Inú site ni index.html, ojú ewé náà gan-an, wà. Inú site yẹn kan náà ni fódà css wà, style.css sì wà nínú css. Ẹ tò ó bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ) nínú ikogosi, kì í ṣe nínú site o. Ẹ tẹ:

npm init -y
npm install --save-dev browser-sync

Ibí yìí ni dátà ti máa lọ jù. Tó bá ti wọlé tán, ẹ pa dátà yín, iṣẹ́ á máa lọ bó ṣe ń lọ. Fódà ńlá kan á yọjú, node_modules lorúkọ rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ ya site sọ́tọ̀, kí sáfà má lọ máa ṣọ́ òbítíbitì fáìlì tí kò kàn wá. Ẹ̀yin ará Windows, bí PowerShell bá ń pariwo pé "running scripts is disabled on this system", ẹ má bá a jà. Ẹ ṣí Command Prompt, ó parí.

Ó yá, ìlà náà rèé:

npx browser-sync start --server site --files "site/**/*"

Ẹ dúró. Ẹ DÚRÓ! Ṣé ẹ rí àmì àyọlò tó wà níwájú site/**/* àti lẹ́yìn rẹ̀? Ibẹ̀ lẹ ti máa ń ṣubú, gbogbo ìgbà. Lórí Ubuntu, bí ẹ bá yọ ọ́, terminal fúnra rẹ̀ ló máa túmọ̀ àwọn ìràwọ̀ yẹn kí browser-sync tó rí wọn. Ìràwọ̀ méjì á di ọ̀kan ṣoṣo lójú rẹ̀, ohun tó wà nínú fódà abẹ́ site nìkan ni yóò kó. Kí ló wà níbẹ̀? style.css. index.html ńkọ́? Kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa sọ pé CSS ń gbọ́, HTML ò gbọ́, ẹ ó wá yọ Node kúrò, ẹ ó tún fi sí i. Node ò ṣẹ̀ yín! Ní ti Command Prompt, kì í túmọ̀ ìràwọ̀, ìdí nìyẹn tí ti ọ̀rẹ́ yín fi ń ṣiṣẹ́ láìsí àmì kankan. Àmọ́ kò mọ àmì àyọlò ẹlẹ́yọ̀kan, nítorí náà oníméjì ni kí ẹ máa lò níbi gbogbo. ONÍMÉJÌ.

Ẹ jẹ́ kí n fi iyán ṣàlàyé, Èkìtì ṣáà la wà. Bí ẹ bá ń fọ odó lọ́wọ́, ẹ á ní kí ọmọ kan jókòó ti ìkòkò, kó ké sí yín tí iṣu bá jinná. Browser-sync lọmọ yẹn. Ohun tí ẹ kọ lẹ́yìn --files ni ìkòkò tí ẹ nà sí i. Bó bá jẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ lẹ ní kó ṣọ́, iṣu á rọ̀ títí á fi di omi, ọmọ ò ní ké, kò sì jẹ̀bi.

Ta ló wá ń ké sí? Bráúsà ni. Browser-sync máa ń ki kóòdù kékeré kan bọ inú ojú ewé yín, lẹ́yìn <body> gan-an. Kóòdù yẹn ló ń tẹ́tí sí sáfà. Bí HTML yín bá jẹ́ <h1>Ìkògòsì</h1> lásán, tí kò ní <body>, ojú ewé á ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n adití ni.

Ẹ wo ìlà àdírẹ́sì báyìí. http://localhost:3000 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ (localhost ni ẹ̀rọ tí ẹ ń lò fúnra rẹ̀). Bí ẹ bá lọ tẹ index.html lẹ́ẹ̀mejì nínú fódà, file:/// lẹ máa rí, ìyẹn ni pé ojú ewé náà ò gba ọ̀dọ̀ sáfà kọjá. Ẹ fi pamọ́ di ọ̀la, kò ní mira. LOCALHOST, ẹ̀yin èèyàn mi! Kì í ṣe file!

Ẹ dán an wò. Ká ní nínú style.css, .gbona (ọ̀rọ̀ omi gbígbóná) ní color: orange, .tutu (ọ̀rọ̀ omi tútù) ní color: blue. Ẹ sọ orange di crimson, ẹ fi pamọ́. Ṣé ẹ rí i? Ojú ewé ò tilẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣí, àwọ̀ nìkan ló yí. CSS nìkan ló ń pààrọ̀ níbẹ̀, nítorí náà fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ dé ìdajì á ṣì wà bẹ́ẹ̀. HTML ló máa ń mú kí gbogbo rẹ̀ tún ṣí.

Bí ẹ bá rí "Cannot GET /", kò rí index.html: bóyá inú fódà mìíràn lẹ wà, bóyá Index.html oní-I ńlá lẹ kọ. Bó bá fún yín ní 3002 dípò 3000, sáfà àná ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú terminal kan tí ẹ gbàgbé. Ẹ wá a rí, ẹ tẹ Ctrl+C.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ló kù. Bí dátà bá wà ní títàn nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sáfà, terminal á kọ External lábẹ́ Local, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ so fóònù àti laptop pọ̀ mọ́ Wi-Fi kan náà, hotspot fóònù yín náà tó, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì yẹn sórí fóònù. Ẹ má tẹ localhost síbẹ̀, fóònù fúnra rẹ̀ ni localhost lórí fóònù. Bí kò bá ṣí, ó lè jẹ́ firewall (ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà) Windows ló dínà, ẹ jẹ́ kí Node.js kọjá. Ẹ wá fi ìka yí ojú ewé sísàlẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ wo laptop. Òun náà ń lọ sísàlẹ̀! Kì í ṣe àǹjọ̀nú o, bí browser-sync ṣe ń ṣe nìyẹn.