Bí O Bá Ní Láti Jókòó, Jókòó Kí O Kọ ọ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹbí Krístì ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé lọ sí Kútọnu. A kú òjò. A kú ìnáwó oògùn pẹ̀lú, torí ilé tí kò sí aláìsàn lásìkò yìí kò pọ̀.

Ẹrù kan ń bẹ lọ́kàn mi lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá kan wà nínú ìjọ wa, àwọn ni onílù wa láti ìgbà tí èmi ṣì wà ní kékeré. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn dùbúlẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, wọ́n ti ń fọ̀pá rìn, ohùn wọn sì já gaara, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò tíì gbọ́ràn. Ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ òsì yẹn ló ń fún ọsán gángan kí ìlù tó fọhùn. Ọ̀tún tó mú kọ̀ǹgọ́ dá wà, ariwo lásán ni. Mo bi wọ́n léèrè pé, "Bàbá, ọjọ́ wo la máa rí yín?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ tí mo bá lè dúró bí èèyàn."

Bí èèyàn! Ta ló sọ fún wọn pé ẹni tó jókòó kì í ṣe èèyàn?

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ẹ́kísódù 17, ẹsẹ 11 àti 12. Ogun Ámálékì le. Bí Mósè bá gbé ọwọ́ sókè, Ísírẹ́lì a borí; bó bá rẹ ọwọ́ sílẹ̀, Ámálékì a borí. Ọwọ́ sì wúwo, nítorí ẹran ara ni. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò sọ fún un pé kó máa lọ sílé lọ sùn. Wọn kò sì sọ pé ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ kì í rẹ̀. Òkúta ni wọ́n wá, wọ́n gbé e sábẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Áárónì di ọwọ́ kan mú, Húrì di ìkejì mú, títí oòrùn fi wọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Ouando ló fi fídíò kan hàn mí tó jẹ́ kí n rí òkúta yẹn lójú kòrókòró. Ẹgbẹ́ olórin Gẹ̀ẹ́sì kan ni, Genesis lorúkọ wọn. (Akọrin ìjọ kọ́ o! Ó ní nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1969, àwọn ilé ìtajà kan tò ó mọ́ orin ẹ̀sìn. Mo rẹ́rìn-ín títí.) Irú orin tí wọ́n ń pè ní progressive rock ni wọ́n fi ṣe orúkọ, orin tí ẹyọ kan rẹ̀ lè kọjá ìṣẹ́jú 20, tí ìlù á sì máa yí padà lójú ọ̀nà. Phil Collins ló ń lu ìlù yẹn láti ọdún 1970. Nígbà tí Peter Gabriel tó ń léwájú orin fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún 1975, òun náà ló bọ́ síwájú.

Ìlù òyìnbó, tọwọ́ tẹsẹ̀ la fi ń lù ú. Àìsàn wá bá Collins níbi eegun ọrùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún 2009, iṣan ọwọ́ rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò. Ó débi pé ó ń fi téèpù so ọ̀pá ìlù mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè lù ú mọ́ rárá.

Lọ́dún 2020 wọ́n kéde pé àwọn ń padà sórí ìtàgé. Kòrónà sún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ní oṣù Kẹwàá, kòrónà wọ àárín wọn, wọ́n tún sún èyí tó kù nílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é tán, ní London, ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ohun tí mo rí rèé: Collins, ẹni àádọ́rin ọdún, jókòó sórí àga láàárín ìtàgé, ó ń kọrin. Mike Rutherford wà nídìí gìtá, Tony Banks wà nídìí dùùrù, àwọn méjèèjì tó ti wà níbẹ̀ láti ilé ìwé, láti ọdún 1967. Ta ló wá jókòó sídìí ìlù? Nic, ọmọ tó bí, ọmọ ọdún 20.

Èmi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé aláìsàn tí kò bá fò sókè lójú ẹsẹ̀ kò nígbàgbọ́. Ọlọ́run ń woni sàn pátápátá, ojú mi ti rí i. Ó sì ń dá ẹlòmíràn padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àga lábẹ́ rẹ̀. Méjèèjì ni iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀. Ìtìjú àga ló ń pa ọ̀pọ̀ wa mọ́lé, kì í ṣe àìsàn.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹni tó bá lè dìde, kó dìde. Ẹni tí kò bá lè dìde, jókòó síbẹ̀, àdúrà tìrẹ náà á gòkè.

Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ pé a jí. Ẹni tó sùn tí kò jí, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ ọ́ jù wá lọ. Ọpẹ́ ni fún ọ.

Olúwa, mo gbé onílù rẹ wá síwájú rẹ. Fi ọwọ́ tìrẹ kan ọwọ́ òsì yẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, sọ̀ kalẹ̀ sí ìgúnpá, dé ọrùn ọwọ́, dé àtàǹpàkò. Kí ìka tó ti ká kò tú. Bí o bá fẹ́ ṣe é lónìí, ṣe é. Bí o bá fẹ́ ṣe é díẹ̀díẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n dúró sílé dè é.

Olúwa, rántí ìyá tí orúnkún kò jẹ́ kó lè gun sẹmidjan lọ sọ́jà mọ́. Rántí àgbẹ̀ Kétu tí ìbàdí ń dùn, tí kò lè tẹ̀ fún ọkọ́. Rántí aránṣọ tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tó ń fi abẹ́rẹ́ wá òwú. Rántí olùkọ́ tí ohùn ti há mọ́ ọ̀fun. Wá òkúta fún oníkálukú wọn, Olúwa. Èyí tó bá ìdí wọn mu.

Fún wa ní Áárónì. Fún wa ní Húrì. Ọ̀rẹ́ tí kò ní sá nígbà tí ọwọ́ bá wúwo. Ọmọ tí yóò gba ìlù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láìgba iyì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, jọ̀wọ́ fún wa! Àwọn obìnrin tó ń wẹ aláìsàn, tó ń gbé e yí padà lóru, tí ẹ̀yìn tiwọn náà ti ń ro wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò kí wọn: Jésù, kí wọn lónìí. Fún wọn ní ìsinmi. Fi owó sí wọn lọ́wọ́.

Ẹ gba eléyìí kíkankíkan. Ìwọ ẹ̀mí ìtìjú tó ń fi aṣọ bo ìlù wa, jáde! Jáde nínú ilé wa, jáde nínú ìjọ wa! Ohùn tó ń sọ fún èèyàn Ọlọ́run pé kò wúlò mọ́, a pa ọ́ lẹ́nu mọ́ lórúkọ Jésù. Ẹni tó ti ń pín ipò alààyè bí ogún òkú, Olúwa, dójú tì í, kí o sì yí i padà.

Ohun tó sún ìpadàbọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan, tó tún sún un lẹ́ẹ̀kejì, kò ní rí ẹlẹ́ẹ̀kẹta sún. Ìwé dókítà kò ní sún un. Àìrí owó oògùn kò ní sún un. Àìsàn míì kò ní gun orí àìsàn. A ó padà! A ó padà sídìí ìlù, a ó padà sínú oko, a ó padà sídìí ìsọ̀, a ó padà síwájú pẹpẹ, ìbáà ṣe lórí ẹsẹ̀, ìbáà ṣe lórí ọ̀pá, ìbáà ṣe lórí àga!

Ìwọ tó ń ka èyí lórí ibùsùn, tí o kò tíì lè yí apá kan sí èkejì, orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa pa á rẹ́. O ò ní kú síbẹ̀. O ó parí èyí tí Ọlọ́run gbé lé ọ lọ́wọ́, ojú rẹ á sì rí i pé o parí rẹ̀.

Lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín! Àmín! Àṣẹ!