Orin Onílùú, Ohùn Nat King Cole: Àwo Mẹ́ta Tí Wọ́n Ń Tún Gbé Jáde

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, ẹ kú ìjókòó o. Orí àwo orin mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Nat King Cole ló kọ wọ́n: Cole Español tó jáde ní 1958, A Mis Amigos ti 1959, àti More Cole Español ti 1962. Ilé iṣẹ́ Capitol ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti ń tún wọn gbé jáde, látorí rẹ́kọ́ọ̀dù dé orí CD, títí dé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ wọn báyìí. Kò sí ọ̀kan nínú orin inú wọn tó jẹ́ pé Cole ló hun ún. Orin Kúbà ni, orin Mẹ́síkò ni, orin Bràsíl, Venezuela àti Ajẹntínà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn làwọn onílùú ti mọ̀ bí ẹní mowó kí òun tó la ẹnu sí i.

Àwọn kan máa ń pe àwo wọ̀nyí ní orin ìnàjú, orin tí èèyàn ń jẹ́ kó máa dún lẹ́yìn tó bá ń jẹun alẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń tún wọn gbé jáde jẹ wá ní gbèsè kan: kí ó sọ fún wa ẹni tó ni orin kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dárúkọ àwọn tó lù ú. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n bí Cole ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lọ́jọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1919. Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Chicago ló dàgbà sí, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù títẹ̀. Nígbà tó di 1937, ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ ní Los Angeles: òun nídìí pianó, ẹnì kan nídìí gìtá, ẹnì kan nídìí báàsì, kò sì sí onílù. Àwọn tó mọ jáàsì kò ní gbàgbé pé nídìí pianó ni ọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ di ọ̀gá, tí irú Oscar Peterson, ògbóǹtarìgì atẹpianó jáàsì, fi kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá gba iwájú. Nature Boy dé ní 1948, Mona Lisa dé ní 1950, àwo rẹ̀ ń tà débi pé nígbà tí Capitol kọ́ ilé gogoro rẹ̀ sí Hollywood ní 1956, ilé tí Nat kọ́ làwọn èèyàn ń pè é.

Nípa ohùn yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Ṣáájú 1925, ẹnu ìwo ńlá kan ni olórin ń kọrin sí kó tó lè wọ inú àwo; ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá rinlẹ̀, kò sí ohun tí yóò rí bá jáde. Ìgbà tí máìkì oníná dé sítúdíò ni nǹkan yí padà. Èèyàn lè wá rọra kọrin bí ẹni ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹní, kí gbogbo ayé sì gbọ́. Bing Crosby àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló la ọ̀nà yìí. Cole wá sọ ọ́ di tirẹ̀, nítorí pé ohùn rẹ̀ ní híha díẹ̀ nísàlẹ̀, àti pé ó máa ń pe ọ̀rọ̀ ní àpètán. Kì í gbé lẹ́tà kankan mì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ló gbà á sílẹ̀ nígbà tó gbé èdè tí kò gbọ́ sẹ́nu.

Kí ló gbé e dé Havana? Owó wà níbẹ̀, a ò lè sẹ́ ẹ: àwo Capitol ń tà ní Látìn Amẹ́ríkà. Alákòóso rẹ̀, Carlos Gastel, ọmọ bíbí Honduras ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tójú rẹ̀ ń rí nílé. Ní oṣù kẹrin 1956, ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i, àwọn aláwọ̀ funfun kan fò gun orí ìtàgé, wọ́n sì kọlù ú níbi tó ti ń kọrin. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni NBC bẹ̀rẹ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ìlúmọ̀ọ́ká bí Ella Fitzgerald àti Harry Belafonte wá bá a ṣe é, àmọ́ kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tó gbà láti fi owó ìpolówó ọjà ti ètò aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ó parí ní oṣù kejìlá 1957. Cole fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ará Madison Avenue, ìyẹn àdúgbò àwọn apolówó ọjà ní New York, ń bẹ̀rù òkùnkùn. Kò pẹ́ sígbà náà ló wà ní Havana tó ń ṣe Cole Español.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ó ti kọrin ní Tropicana, ilé ijó ńlá tó wà láàárín igi ní Marianao, ní 1956 àti 1957. Ẹgbẹ́ eléré ilé ijó yẹn, tí Armando Romeu jẹ́ olórí rẹ̀, ló bá a ṣe nínú àwo náà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwa ọmọ Yorùbá na etí díẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ Romeu ni Bebo Valdés ti tẹ pianó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1952, Bebo gbé ìlù kan jáde tó pè ní batanga, ó sì kó bàtá, bàtá tiwa tí àwọn baba ńlá wa gbé dé Kúbà tí wọ́n fi ń sin òrìṣà, wọ inú ẹgbẹ́ ijó onífèrè ńlá. Mi ò gbọ́ bàtá nínú àwo Cole o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn eléré tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ wá láti inú ilé iṣẹ́ kan tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọn kì í ṣe ará ibi tó kàn rí iṣẹ́ gbà fún ọjọ́ kan. Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́, wọ́n mọ ibi tó yẹ kí kọ́ńgà, ìlù Kúbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù, fèsì.

Ẹ gbọ́ El Bodeguero. Richard Egües, afunfèrè ẹgbẹ́ Orquesta Aragón, ló hun ún, orin cha-cha-chá, irú orin ijó Kúbà kan, nípa oníṣọ́ọ̀bù kan tó ń jó láàárín ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti ata tó ń tà, tí ègbè sì ń rán oníbàárà létí pé kó mu ṣokoléètì kó sì san gbèsè tó jẹ. Cole ń lé, àwọn ọkùnrin ń gbè. Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò àlàyé ètò yẹn. Ohun tó wù mí jù ni pé Cole kò gbìyànjú láti borí elégbè. Akọrin tí orúkọ rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè ní kí wọ́n rẹ ègbè sílẹ̀ kí òun lè hàn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ju lílé sílẹ̀ fún wọn, ó sì dúró.

Ẹ wá gbọ́ Quizás, Quizás, Quizás. Osvaldo Farrés, ará Kúbà, ló hun ún ní 1947. Farrés kò mọ nóòtì orin kà rárá. Orí etí ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Olólùfẹ́ kan ló ń béèrè pé nígbà wo, báwo, níbo. Èsì kan náà ló ń gbà ní ẹ̀ẹ̀mẹta: bóyá, bóyá, bóyá. Ọ̀pọ̀ olórin máa ń sọkún sí orin yìí, wọ́n máa ń gbóhùn sókè níbi ìbéèrè kí a lè mọ̀ pé ọkàn wọn bàjẹ́. Cole kò gbé ohùn sókè níbì kankan. Ó jẹ́ kí ìlù ṣáájú òun díẹ̀, ó tẹ̀lé e ní pẹ̀lẹ́, nígbà tó bá sì dé èsì, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí tó sì mọ̀ pé òun yóò tún gbọ́ ọ lọ́la. Láàárín orin, níbi tí olólùfẹ́ ti ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ó ń fi àkókò ṣòfò nínú ìrònú, orin náà yí kúrò nínú ìbànújẹ́, ó mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí ó tó padà síbi tó ti wá. Cole kò fi kún ìmọ́lẹ̀ yẹn, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé Farrés ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán.

Ṣé ó gbọ́ èdè Sípéènì? Kò gbọ́. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un bó ṣe ń dún, ó sì há a sórí. Ahọ́n rẹ̀ kò yí lẹ́tà r bí ti onílé, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Àwọn tó gbọ́ èdè náà máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó, láti Kúbà títí dé Venezuela, níbi tí orin Ansiedad tó gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin Chelique Sarabia ti wá. Èrò tèmi ni pé àpètán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló jẹ́ kí wọ́n gbà á. Kò fi èdè wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kò ya ohùn bíi tiwọn, kò sì sáré kọjá ọ̀rọ̀ tó le. Ó gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ gbọnyin.

Ní oṣù kìíní 1959, ọwọ́ ẹgbẹ́ Fidel Castro tẹ ìjọba Kúbà. Ọ̀nà láàárín Havana àti Hollywood bẹ̀rẹ̀ sí í dí, títí ó fi dí pátápátá ní 1962. Nítorí náà, àwo 1958 yẹn jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Rio de Janeiro ni Cole ti ṣe èyí tó tẹ̀lé e, ní oṣù kẹrin 1959. Sylvia Telles kọrin nínú rẹ̀, Trio Irakitan náà wà níbẹ̀, Cole sì gbé èdè Pọtogí sẹ́nu. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ìlú yẹn kan náà, ni João Gilberto, olórin Bràsíl, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, tí orin ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n ń pè ní bossa nova sì gba gbogbo Bràsíl. Kì í ṣe Cole ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn bíi Johnny Alf, tó wà lára àwọn tó la ọ̀nà fún orin tuntun yẹn, ti ń fetí sí Cole tipẹ́tipẹ́. Nígbà tó dé Rio, àwọn tí ohùn rẹ̀ ti kọ́ ní nǹkan ló wá bá níbẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe kọ Não Tenho Lágrimas, sáḿbà 1937 tó sọ pé omijé òun ti tán: ẹsẹ̀ ń jó, ọ̀rọ̀ ń dunni.

Àwo kẹta, ti Mẹ́síkò, kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ralph Carmichael ló to orin rẹ̀, ó tò ó dáadáa, ṣùgbọ́n fáolíìnì pọ̀ jù, kò sì sí àlàfo tí Cole lè gbà mí èémí. Tres Palabras, orin Farrés mìíràn, ni mo máa ń padà sí níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àtúntẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ó di àṣà Capitol láti mú àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún etí kan, kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n fún etí kan ní ìró ìsàlẹ̀, kí wọ́n fún etí kejì ní ìró òkè, kí wọ́n sì tà á bí sitẹ́rẹ́ò, ìyẹn àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún etí méjèèjì. Duophonic ni wọ́n pe ìlànà yẹn. Ohùn olórin máa ń dà bíi pé ó wà nínú táǹkì omi. Ohùn Cole ni irú èyí máa ń bà jẹ́ jù, nítorí pé ìsúnmọ́ni ni gbogbo ẹwà rẹ̀. Tí ẹ bá ń ra àtúntẹ̀, ẹ béèrè téèpù tí wọ́n ti mú un jáde. Tí èyí tí wọ́n gbà fún etí kan bá wà, ẹ mú un, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sitẹ́rẹ́ò tàn yín.

Àwo wọ̀nyí ń rí olólùfẹ́ tuntun láwọn ibi tí Capitol kò lè rò láéláé. Ní 2000, Wong Kar-wai fi ohùn Cole lórí Quizás àti Aquellos Ojos Verdes sínú fíìmù rẹ̀, In the Mood for Love, tó dá lórí Hong Kong àwọn ọdún 1960. Ọ̀dọ́ tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Cole rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá orin náà. Ní 2013, ọmọ rẹ̀ Natalie gbé àwo èdè Sípéènì tirẹ̀ jáde, ó sì kọ Acércate Más pẹ̀lú ohùn bàbá rẹ̀ tó ti kú láti 1965.

Ẹ lọ wá orin yìí lórí fóònù yín lálẹ́ òní. Orúkọ Cole ni ẹ máa rí gàdàgbà. Nílé mi, mo wo ẹ̀yìn CD kan: orúkọ Farrés wà níbẹ̀, nínú àkámọ́, lẹ́tà tín-ín-rín. Ti ẹni tó lu kọ́ńgà kò sí rárá. Capitol ní ìwé sítúdíò, ìwé owó àwọn eléré sì máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwo tí wọ́n bá tún tẹ̀ lẹ́yìn òní, kí wọ́n ṣí ìwé yẹn, kí wọ́n tẹ orúkọ wọn sí ara páálí, kí àwọn ọmọ wọn ní Havana, ní Rio àti ní Ìlú Mẹ́síkò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i.