Túúbá ẹni tó ti tàjẹ̀ sílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa.

"Mo ti túúbá" ló kún ẹnu gbogbo èèyàn lọ́sẹ̀ yìí: ẹni tó lu ọmọ ọlọ́mọ ní jìbìtì, ẹni tó ṣe jàǹdùkú. Ó dáa, a gbọ́. Ibo lẹ wá rìn dé?

Ẹ wo Martin McGuinness, ọmọ Derry ní Northern Ireland. Wọ́n bí i ní 1950, ó kúrò níléèwé lọ́mọ ọdún 15, ó lọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ alápatà. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó di igbákejì ọ̀gá IRA nílùú náà, ẹgbẹ́ tó ń fi ìbọn àti bọ́ǹbù jà kí Northern Ireland lè kúrò lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú un nítòsí mọ́tò tó ru nǹkan bíi kílò 113 ohun abúgbàù, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ní 1973. Òun náà ló wà lára àwọn tó ṣe àdéhùn àlàáfíà 1998. Ní oṣù Karùn-ún 2007, òun àti Ian Paisley, pásítọ̀ tó ti ta kò wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, jọ di olórí ìjọba. Ní 2009, àwọn tí kò gba àlàáfíà pa sójà méjì àti ọlọ́pàá kan. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, ó pe àwọn apànìyàn náà ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀nà tóun náà ti tọ̀ rí ló ń bá wí yẹn! Kì í ṣe mùsùlùmí, ẹjọ́ ẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Ìrìn náà ni mo fẹ́ ká wò.

Ànábì sọ fún wa nípa ọkùnrin kan tó ti pa èèyàn 99. Ó wá olùjọ́sìn kan lọ, ó bi í bóyá túúbá ṣì wà fóun. Ìyẹn ní kò sí. Ó pa á, ó di 100. Ó tún bèèrè, wọ́n júwe onímọ̀ kan fún un. Onímọ̀ ní: "Ta ló máa dí ọ lọ́nà túúbá? Lọ sí ìlú báyìí, àwọn tó ń sin Ọlọ́hun ń bẹ níbẹ̀, bá wọn sìn ín, má padà sílùú ẹ mọ́, ìlú burúkú ni." Ó gbéra. Ikú ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Bó ṣe ń kú lọ, ó ṣì ń fi àyà fà síwájú. Màláíkà àánú àti ti ìyà ń bára wọn fà á. Wọ́n wọn ilẹ̀, ó fi ìbú ọwọ́ kan sún mọ́ ìlú rere. Àánú gbà á.

Ẹ rí i? Ó kúrò nílùú ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, tó o túúbá lówùúrọ̀, tó o padà sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ yẹn lálẹ́? Irọ́ lò ń pa fún Ọlọ́hun!

Ó tún kù. Nígbà tí McGuinness jẹ́rìí ní 2003 níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìpànìyàn Derry 1972, níbi tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn pa àwọn tó ń wọ́de, ó gbà pé igbákejì ọ̀gá IRA lòun nígbà yẹn, àmọ́ kò dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ó lóun ti búra. Ó kú ní 2017, ọ̀pọ̀ ẹbí àwọn tí IRA pa ṣì ń bèèrè ẹni tó pa èèyàn wọn. Ìbúra wo ló ju ẹ̀tọ́ ẹni tó kú lọ? Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́ láàárín èèyàn lọ́jọ́ Ìgbéǹde.

Ohun mẹ́ta ni túúbá ń fẹ́: fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kábàámọ̀, pinnu pé o ò ní padà. Tó bá kan èèyàn, ó di mẹ́rin: dá ẹ̀tọ́ náà padà. Owó ni? San án. Olówó ti kú? Kó o fún àwọn ajogún ẹ̀. O ò rí wọn mọ́? Fi ṣe sàárà ní orúkọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o ba èèyàn lórúkọ jẹ́, iwájú àwọn tó o ti bà á jẹ́ ni kó o ti tún un ṣe. Ará, bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kírun Àsárì òní.