Ògiri Tó Yí Táǹkì Kẹ́míkà Ká: Ṣé Ó Lè Gba Nǹkan Dúró Lóòótọ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ táǹkì kẹ́míkà la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ògiri kúkúrú tí wọ́n máa ń mọ yí i ká gan-an ló kàn wá. Ẹ ó ti rí irú rẹ̀ lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, níbi tí wọ́n gbé táǹkì dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ sí. Àwọn ẹ̀ńjíníà ń pè é ní bund. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: bí táǹkì bá jò tàbí tó bẹ́, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má ṣàn lọ sí gọ́tà, sí odò, tàbí sínú kànga aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Charleston, olú-ìlú ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà. Ní àárọ̀ ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2014, àwọn ará ìlú ń pe ìjọba pé òórùn kan tó dùn bíi ti súìtì gba afẹ́fẹ́ kan. Àwọn aṣàyẹ̀wò tọ òórùn náà lọ, ó di ọgbà ilé-iṣẹ́ Freedom Industries, létí odò Elk. Táǹkì nọ́ńbà 396 ló ń jò. MCHM ló wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ èédú. Ìpata ti jẹ irin ìsàlẹ̀ táǹkì náà títí tó fi dá ihò méjì sí i. Ihò kékeré ni o, síbẹ̀ ohun tó gba ibẹ̀ jáde tó nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 10,000.

Ẹ má sì rò pé táǹkì yẹn ò ní ògiri. Ó ní. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ti sán, ó ti lu. Òkúta wẹ́wẹ́ àti erùpẹ̀ ló wà nílẹ̀ láàárín táǹkì sí ògiri, wọn ò tẹ́ ohunkóhun tó lè dá nǹkan olómi dúró síbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ti Charleston yìí ti la ẹnu tipẹ́. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò débẹ̀, búlọ́ọ̀kù kan àti àpò kan ohun tó ń fa omi mu ni wọ́n fi ń dènà kẹ́míkà tó ń ṣàn. Búlọ́ọ̀kù kan!

Bíi kìlómítà méjì àbọ̀ sísàlẹ̀ odò náà ni ilé-iṣẹ́ omi ti ń fa omi tí ìlú ń mu. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má fi se oúnjẹ, kí wọ́n má fi wẹ̀. Àyàfi kí wọ́n fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí kí wọ́n fi paná. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ilé-iṣẹ́ náà ti lọ sí kóòtù pé òun ti wọ gbèsè. Lọ́dún yẹn náà, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kí wọ́n forúkọ àwọn táǹkì orí ilẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tó di 2015, wọ́n tún yọ ọ̀pọ̀ táǹkì kúrò nínú òfin ọ̀hún. Ọdún kan péré o.

Báwo wá ni ògiri ọ̀hún ṣe yẹ kó tóbi tó? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé kó lè gba ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú táǹkì tó tóbi jù lọ níbẹ̀, tàbí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ gbogbo táǹkì inú rẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, fún epo, kó gba táǹkì tó tóbi jù, kó sì ku àyè fún òjò.

Òjò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ká ní inú ògiri yín gùn ní mítà márùn-ún, ó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin. Bí òjò tó ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá bá rọ̀ síbẹ̀, lítà omi 2,000 ti gba àyè kẹ́míkà nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fáàfù sí ìsàlẹ̀ ògiri. Fáàfù yìí gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹnì kan á ṣí i kí omi lè ṣàn lọ, fóònù á dún, á gbàgbé ẹ̀ ní ṣíṣí. Látìgbà yẹn, ògiri ti di ọ̀ṣọ́. Títì ló yẹ kó máa wà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí i, ẹ kọ́kọ́ wo ojú omi bóyá epo léfòó, kí ẹni tó ṣí i dúró tì í títí yóò fi tì í padà.

Ẹ sì tún wo ibi tí páìpù ti gba inú ògiri kọjá, àti ojú ibi tí kọnkéré méjì ti pàdé. Ní Buncefield, ní àríwá London, tí ibùdó epo ti bú gbàù ní oṣù kejìlá ọdún 2005, irú àwọn ojú wọ̀nyẹn ló jò nígbà iná, tí epo àti omi ìpaná fi wọ ilẹ̀ lọ.

Áṣíìdì ńkọ́? Ó ń jẹ kọnkéré, nítorí náà, ó nílò ohun tí wọn yóò fi bo inú ògiri. Ẹ má sì kó òun àti búlíìṣì sínú ògiri kan náà láéláé; bí méjèèjì bá pàdé, gáàsì tó ń pani ni wọ́n ń tú jáde. Fún àgbá kékeré, àwo ńlá oníke tí wọ́n ń gbé sábẹ́ rẹ̀ ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ń ṣiṣẹ́, ẹ ti fáàfù, ẹ bu omi sínú rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó ga dé, kí ẹ bo ojú rẹ̀ nítorí oòrùn. Ẹ padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ti wálẹ̀ kúrò lójú àmì, ẹ pe bíríkìlà kí ẹ tó pe ẹni tó ń gbé kẹ́míkà wá.