Níbi tí Kóró ti Pàdé Irin: Ìtúnṣe Ẹ̀rọ Ìgbìn fún Ẹ̀wà Sóyà

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin awakọ̀ katakata. Ọ̀bẹ ìdáná ni mo mú dání wá, torí òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbin sóyà lọ́pọ̀, mo háyà katakata pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, oko mi rí bí ẹnu ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Mo ní irúgbìn ni kò dáa. Bàbá kan tí oko wa jọ pààlà ní kí n má tíì bá ẹni tó ta irúgbìn fún mi jà. Wọ́n fa ọ̀bẹ yọ, wọ́n sì rọra tú ìlà kan wò. Kóró kan wà lórí ilẹ̀ tí àdàbà kò tíì rí ṣà. Òmíràn jìn tó odindi ìka kan, ó ti jẹrà. Òmíràn ti là sí méjì kó tó bọ́ sílẹ̀. Irúgbìn kò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ ló ṣe é.

Sóyà kì í hù bí àgbàdo. Àgbàdo a máa ta ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, a sì gún ilẹ̀ jáde. Ní ti sóyà, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, á sì fi ọrùn yẹn fa ìlàjì kóró méjèèjì gba inú ilẹ̀ jáde. Bó bá jìn jù, tàbí tí òjò ti lu ojú ilẹ̀ le, ọrùn á ṣẹ́. Ìdí nìyí tí kóró kò fi gbọ́dọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó yá owó ra ẹ̀rọ tuntun, ibi tí kóró ti pàdé irin ni kó kọ́kọ́ náwó sí.

Àwo oníhò tó ń ka kóró nísàlẹ̀ àpótí ló ṣáájú. Ihò àwo àgbàdo tóbi fún sóyà: kóró méjì á há sínú ihò kan, etí irin á sì lọ èyí tó yọrí. Ẹ gbé irúgbìn yín dání lọ ra àwo. Ẹ má fojú díwọ̀n. Tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ gbé ẹ̀rọ sókè kí táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ so àpò kékeré mọ́ ẹnu ọ̀nà kóró kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fọwọ́ yí táyà náà nígbà 10. Bí ìyípo táyà bá jẹ́ mítà 2, mítà 20 lẹ rìn yẹn. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ fẹ́ láàárín kóró kan sí èkejì, 400 ló yẹ kó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá mú 400 tí èkejì mú 260, ẹ ti mọ ibi tí àlàfo oko yín ti wá.

Ẹ má tíì da kóró yẹn nù o. Ẹ ka 100 nínú rẹ̀, ẹ ka 100 tí kò wọ ẹ̀rọ rí, kí ẹ wé wọn sínú aṣọ tútù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ka èyí tó hù. Iye tí ti ẹ̀rọ fi dín ni àwo yín ń lọ̀ pa. Èmi kò rí ìdánwò tó dùn mọ́ mi tó báyìí, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Irin tó ń la ilẹ̀ ló tẹ̀lé e. Èyí tó rí bí bàtà máa ń wọ́ koríko ṣájọ. Dísìkì méjì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ roboto, tó fẹnu kora níwájú ló dáa, pẹ̀lú táyà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó rì jù. Ní ọdún 1972, ní Rolândia ní ìpínlẹ̀ Paraná ní Brazil, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Herbert Bartz fi ẹ̀rọ tó kó wọlé láti Amẹ́ríkà gbin sóyà láìkọ́kọ́ tú ilẹ̀, torí òjò ń wọ́ erùpẹ̀ oko rẹ̀ lọ. Irú ìgbìn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí irin tó lè gé koríko òkú. Ní ti táyà tó ń pa ojú poro dé, méjì tó dagun síra ni kí ẹ wá. Wọ́n á fún erùpẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, òkè á sì rọ̀ fún ọrùn sóyà.

Bí ìlà bá fi sẹ̀ǹtímítà 75 jìnnà síra, tí kóró sì fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà síra lórí ìlà, hẹ́kítà kan á gba nǹkan bíi kóró 266,000. Tí ẹgbẹ̀rún kóró bá wọn gíráàmù 150, kìlógíráàmù 40 nìyẹn. Èmi a máa tú bóòtù ẹ̀rọ, kí n sún àwọn ìlà náà sí 50, torí ewé á tètè bo èpò mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń lo NoduMax, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ní kòkòrò àìfojúrí tó ń ran gbòǹgbò sóyà lọ́wọ́, tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe n'Ìbàdàn, ẹ pò ó mọ́ irúgbìn lábẹ́ ibòji, torí oòrùn ń pa ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kó tó wọ àpótí. Kóró tútù máa ń lẹ̀ mọ́ àwo.

Ìyá kan bi mí pé, "Àwa tí a kò ní katakata ńkọ́?" Ní àwọn ọdún 1970, ní IITA kan náà, Ray Wijewardene, ọmọ Sri Lanka, ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ ń fọwọ́ tì, tí ẹnu rẹ̀ ń gún ilẹ̀ bó ṣe ń yí. Èyí tí a ń fọwọ́ gún lóòró náà wà. Mo sọ fún Ìyá pé kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ẹnu tiwọn ní sẹ̀ǹtímítà 4, kó má baà wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ.